Ẹ Má Fi Táyà Tó Wà Lẹ́sẹ̀ Ọkọ̀ Àlòkù Ra Táyà: Àwọn Àṣìṣe Tó Wọ́pọ̀

Owó táyà kì í ṣe owó kékeré, ohun tó ń bí mi nínú gan-an nìyẹn. Kí èèyàn ra ọkọ̀ kékeré àlòkù, kó ṣa owó jọ ra táyà tuntun mẹ́rin, kó gbé wọn wá pé kí n bá òun wọ̀ ọ́ sí rímù, kí n wo ọkọ̀, kí n wo táyà, kí n rí i pé àwọn méjèèjì kò bára wọn tan rárá. Mo máa ń pariwo. Ọmọ tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ti mọ̀ mí: bó bá ti rí i tí mo ṣí fìlà, á ti lọ bu omi tútù wá. Mo ń kọ èyí kí ọ̀fun mi lè sinmi.

Mi ò ní kọ́ yín bí wọ́n ṣe ń ti jáàkì bọ abẹ́ ọkọ̀, mi ò sì ní sọ fún yín pé táyà tó ti dán kò dáa. Ẹ ti mọ ìyẹn.

1. Ríra ìwọ̀n tí ẹ bá lẹ́sẹ̀ ọkọ̀

Èyí gan-an ni ọ̀tá mi. Ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ra ọkọ̀ á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á ya fọ́tò ara táyà, á gbé fọ́tò náà lọ bá ẹni tó ń tà á: "Irú èyí ni kí ẹ fún mi, mẹ́rin." Ta ló sọ fún yín pé èyí tó wà níbẹ̀ tọ̀nà? Ọkọ̀ tó ti gba ọwọ́ ẹni méjì mẹ́ta kọjá! Ọ̀kan nínú wọn fẹ́ kí ọkọ̀ ga sókè. Òmíràn rí rímù dídán lójú ọ̀nà, ó ní òun náà á fi ṣe fújà. Ẹni tó tà á gbẹ̀yìn sì wá táyà tó pọ́ọ́kú jù lọ kiri, kí ọkọ̀ ṣáà lè yí títí ẹ ó fi sanwó. Ẹni tó bá fi irú táyà bẹ́ẹ̀ ṣe òdiwọ̀n dà bí ẹni tó mú aṣọ àyálò lọ fún télọ̀ pé kó fi wọn ọmọ òun. Bí kò bá fún un lápá, á ṣò ó lọ́rùn.

Ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀. Ẹ wo férémù ilẹ̀kùn náà, níbi tí ilẹ̀kùn ti ń pàdé ara ọkọ̀. Sítíkà kan wà níbẹ̀ tó sọ ìwọ̀n táyà tí ilé iṣẹ́ ṣe ọkọ̀ náà fún, pẹ̀lú iye afẹ́fẹ́ tó yẹ kó wà níwájú àti lẹ́yìn. Nínú ọkọ̀ mìíràn, ẹ̀yìn ìdérí ojú epo ni wọ́n lẹ̀ ẹ́ mọ́. Bí wọ́n bá ti ha á dànù, tàbí tí wọ́n ti fi ọ̀dà kùn ún, ẹ wo ìwé ọkọ̀. Bí ìwé náà kò bá sí, ẹ mú nọ́ńbà ṣásì lọ bá àwọn tó ń ta irú ọkọ̀ náà ní tuntun, wọ́n á bá yín wò ó.

Bùrọ̀dá kan gbé ọkọ̀ wá sọ́dọ̀ mi báyìí. Ó ní jíà ń kú lọ, ọkọ̀ kò lágbára mọ́ bó bá dórí òkè, bí òun bá sì yí sítíárìn dópin, nǹkan kan máa ń ha lábẹ́. Ó ti gbé e fún mẹkáníìkì, ìyẹn ti yọ jíà sílẹ̀, ó ti gbowó, kò sì rí nǹkan kan. Mo ṣí ilẹ̀kùn. Sítíkà ní 175/65R14. Mo wo ẹsẹ̀ ọkọ̀: 195/65R15, tuntun, mẹ́rẹ̀ẹ̀rin, irun rọ́bà ṣì wà lára wọn. Mo bi í pé kí ló dé tó fi ra ìyẹn. Ó ní, "Ọ̀gá, òun náà ni mo bá níbẹ̀."

Ẹ jẹ́ ká jọ ṣe ìṣirò yìí, nítorí kò le. Nínú 175/65R14, 175 ni fífẹ̀ táyà ní mílímítà. 65 kì í ṣe mílímítà o. Gíga ẹ̀gbẹ́ táyà ló ń sọ, pé ó jẹ́ ìdá 65 nínú 100 fífẹ̀ náà. R ń sọ bí wọ́n ṣe to okùn inú rẹ̀, 14 sì ni rímù ní ínǹṣì. Ẹ sọ 175 di ìlọ́po 0.65, ẹ ó rí 113.75. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì, torí ẹ̀gbẹ́ wà lókè, ó wà nísàlẹ̀: 227.5. Rímù 14 lọ́nà 25.4 jẹ́ 355.6. Ẹ ro wọ́n pọ̀, ó di 583.1. Gíga táyà náà láti ilẹ̀ dé orí nìyẹn, ní mílímítà.

Ẹ wá ṣe ti 195/65R15 bákan náà. Ẹ ó rí 634.5. Ó fi mílímítà 51 ju ti sítíkà lọ, ó sì sún mọ́ ìdá 9 nínú 100. Ìdí nìyí tó fi ń ha abẹ́ bọ́dì. Ìdí nìyí tí ọkọ̀ fi ń mí hẹlẹhẹlẹ lórí òkè: táyà tó ga jù sọ gbogbo jíà di èyí tó wúwo fún ẹ́ńjìnnì. Aago eré náà ń purọ́ fún un. Bó bá ka 100, eré gidi ti fẹ́rẹ̀ẹ́ pé 109. Ẹ wò ó, ọlọ́pàá lè mú un sí i, á sì máa búra pé òun kò sáré. Jíà wà lálàáfíà. Owó jíà ti lọ, owó táyà ti lọ.

Bí ẹ kò bá rí ìwọ̀n orí sítíkà rà, ẹ má jẹ́ kí gíga táyà mìíràn fi ju ìdá 3 nínú 100 yàtọ̀ sí tirẹ̀, ẹ sì rí i pé kò fẹ̀ ju ohun tí rímù lè gbà. 185/60R14 á fún yín ní 577.6, ó súnmọ́ ọn dáadáa. Ẹni tí ojú rẹ̀ kò kúrò lára rímù 15, kó wá 185/55R15, tó jẹ́ 584.5. Ẹ rí i pé bí rímù ṣe ń tóbi, ẹ̀gbẹ́ táyà ni ó gbọ́dọ̀ kéré. Èyí ni àwọn tó ta 195/65R15 yẹn kò sọ fún un, tàbí wọn kò mọ̀. Ní ti 185/65R14, ìdá 2.2 ló fi ga jù. Lórí ìwé ó wọlé, àmọ́ ẹ yí sítíárìn dópin lọ́tùn-ún lósì, ẹ di ẹrù sẹ́yìn ọkọ̀, kí ẹ tó fọkàn balẹ̀. Ẹ sì béèrè lọ́wọ́ ilé iṣẹ́ ìbánigbófò yín àti àwọn tó ń yẹ ọkọ̀ wò bí wọ́n bá gba ìwọ̀n mìíràn, torí ibòmíràn wà tí wọn kì í gbà á.

2. Gbígbàgbọ́ pé èyí tó fẹ̀ ló dáa jù

Ọkọ̀ kékeré kì í ṣe ọkọ̀ eré ìdíje. Táyà tó fẹ̀ jù ń jẹ epo, ó ń mú kí sítíárìn wúwo, ó sì tètè ń léfòó lórí omi nígbà òjò, torí ìwúwo ọkọ̀ kò tó láti tẹ̀ ẹ́ rì bọ omi. Rímù náà ní ìwọ̀n fífẹ̀ tó lè gbà: 175/65R14 ń fẹ́ rímù tó fẹ̀ tó ínǹṣì 5 sí 6. Ẹ fipá ki táyà fífẹ̀ sórí rímù tóóró, ojú rẹ̀ á wú láàárín, àárín yẹn nìkan ni á sì máa jẹ.

3. Fífojú fo nọ́ńbà àti lẹ́tà tó gbẹ̀yìn

Lẹ́yìn 175/65R14, ẹ ó rí nǹkan bíi 82T. 82 túmọ̀ sí pé táyà kan lè gbé kìlógíráàmù 475. T túmọ̀ sí pé ara rẹ̀ gba eré tó tó kìlómítà 190 ní wákàtí kan. H jẹ́ 210. Mi ò ní kí ẹnikẹ́ni lọ sá 190. Ohun tí mo ń sọ ni pé ẹ lè ra èyí tó ga ju ti sítíkà lọ, ẹ má ra èyí tó kéré sí i. Ẹni bá gbé èèyàn márùn-ún, ẹrù nínú bùùtù, ẹrù lórí òrùlé, tó wá ń fi táyà 75 tó jẹ́ 387 kìlógíráàmù sáré, ó ń wá wàhálà.

4. Gbígba ọ̀rọ̀ "All Season" gbọ́ bí ẹni gba ìbúra

Ọdún 1977 ni Goodyear gbé Tiempo jáde, táyà tí wọ́n polówó pé ó wà fún gbogbo ìgbà ọdún. Láti ìgbà náà, àwọn oníṣòwò ti fi orúkọ yìí ta oríṣiríṣi. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sára rọ́bà kò dá nǹkan kan lójú. Àmì ni kí ẹ wò.

M+S, tó dúró fún ẹrẹ̀ àti yìnyín, ń sọ bí wọ́n ṣe gbẹ́ ojú táyà ni. Ilé iṣẹ́ lè kọ ọ́ sára láìdán táyà náà wò lórí yìnyín. Àmì kejì ni òkè onígóńgó mẹ́ta tí àwòrán yìnyín wà láàárín rẹ̀. Èyí ni wọ́n ń dán wò lórí yìnyín kí wọ́n tó fi sí i. Ní Jámánì, láti October 1, 2024, táyà tí kò bá ní àwòrán òkè yẹn kì í ṣe táyà òtútù mọ́ lójú òfin, ì báà kọ M+S gàdàgbà.

Ṣé ẹ nílò rẹ̀ rárá? Táyà gbogbo-ìgbà wà fún ibi tí òtútù ti ń mú níwọ̀nba, tí yìnyín ń bọ́ lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan. Rọ́bà táyà ẹ̀rùn máa ń le bí ojú ọjọ́ bá ti ń lọ sísàlẹ̀ ìwọ̀n 7 ti Celsius. Táyà òtútù sì máa ń rọ̀ jù nínú oòrùn, á jẹ kíá. Ti gbogbo-ìgbà dúró láàárín. Ẹni tí ibùgbé rẹ̀ gbóná láti January dé December ń sanwó fún ohun tí kò ní lò, táyà ẹ̀rùn lásán á sì bá a dúró kíákíá jù bó bá tẹ bíréèkì. Ẹni tí yìnyín ń bo ọ̀nà rẹ̀ fún oṣù mẹ́ta, kó lọ ra táyà òtútù gidi.

Ẹ ka ọjọ́ orí táyà. Nọ́ńbà mẹ́rin tó gbẹ̀yìn lẹ́yìn lẹ́tà DOT tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ táyà ló ń sọ ọ́: 2319 jẹ́ ọ̀sẹ̀ 23 nínú ọdún 2019. Táyà tí ẹnikẹ́ni kò wọ̀ rí, tó ti sùn ní ìsọ̀ fún ọdún méje, kì í ṣe tuntun; rọ́bà ń gbó níbi tó jókòó sí. Bí ẹ kò bá rí nọ́ńbà mẹ́rin náà, ẹ wo ẹ̀gbẹ́ kejì, torí ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n sábà máa ń kọ ọ́ sí.

Afẹ́fẹ́! Nọ́ńbà tó wà lára táyà ni òpin ohun tó lè gbà, kì í ṣe iye tó yẹ kí ẹ fi sí i. Ti sítíkà ni kí ẹ fi sí i, kí táyà sì tutù kí ẹ tó fi gẹ́ẹ̀jì wọ̀n ọ́. Mo ti rí ẹni tó fún táyà dé 44 nítorí pé òun ló rí lára rọ́bà, nígbà tí sítíkà ń sọ 32. Ó wá bá mi pé ṣọ́ọ̀kì ti kú, ọkọ̀ ń ta bí eéṣú.

Ẹ tún alainmẹ́ǹtì ṣe kí táyà tuntun tó gùn ún, kì í ṣe ìgbà tó bá ti jẹ lẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

Àwọn táyà kan ní àmì ọfà fún ibi tí wọ́n gbọ́dọ̀ máa yí sí. Ẹ tẹ̀ lé e.

Táyà tó wú lẹ́gbẹ̀ẹ́ tàbí tó ya lẹ́gbẹ̀ẹ́ kò ní àtúnṣe. Ẹ má bẹ̀ mí, mi ò ní lẹ̀ ẹ́.

Nísinsìnyí, ẹni tí owó rẹ̀ tó méjì péré. Bí mo bá ní kí a fi méjì tuntun sẹ́yìn, wọ́n máa ń wò mí bí ẹni pé mo ti mu nǹkan kan láàárọ̀. "Iwájú ni ẹ́ńjìnnì ń fà, ọ̀gá!" Mo mọ̀. Àmọ́ bí ti iwájú bá yọ̀ nínú omi, ọkọ̀ á máa lọ gbọọrọ, sítíárìn á fúyẹ́ lọ́wọ́ yín, ẹ ó mọ̀ ọ́n lára, ẹ ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí epo. Bí ti ẹ̀yìn bá yọ̀, ìdí ọkọ̀ á gba iwájú lọ kí ẹ tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Michelin pàápàá ń sọ pé ẹ̀yìn ni kí tuntun wà. Ẹ sì rí i pé irú kan náà ni méjèèjì, kì í ṣe ọ̀kan gbogbo-ìgbà, ọ̀kan ẹ̀rùn, lórí ọ̀pá kan náà.

Bó bá sì jẹ́ pé táyà àlòkù lagbára yín ká, ẹ má rà á nígbà tó bá wà lórí rímù. Ẹ ní kí wọ́n yọ ọ́, kí ẹ tanná sínú rẹ̀. Inú ni àlẹ̀mọ́ ń sá pamọ́ sí. Ẹ wọn kòtò ojú rẹ̀ náà: tuntun sábà máa ń jìn tó mílímítà 8, òfin ilẹ̀ Yúróòpù sì dúró sórí 1.6. Èyí tó bá ku mílímítà 3, tí wọ́n tà ní ìdajì owó tuntun, kò sí ẹ̀dínwó kankan níbẹ̀.

Ó ku sípíà. Bí ẹni tó ni ọkọ̀ tẹ́lẹ̀ bá ti pààrọ̀ rímù, sípíà inú bùùtù lè jẹ́ ti àtijọ́, kó sì jẹ́ pé nọ́ọ̀tì tó wà lẹ́sẹ̀ ọkọ̀ kò lè dè é mọ́. Èyí tó tín-ínrín, tí wọ́n kọ 80 sí lára, kò gbọdọ̀ sáré ju kìlómítà 80 lọ ní wákàtí kan, ẹ má sì fi rìnrìn àjò ọlọ́jọ́ gígùn. Ẹ gbé e jáde lójú ọ̀sán nílé, ẹ fún un ní afẹ́fẹ́, ẹ fi nọ́ọ̀tì dè é mọ́ ẹsẹ̀ ọkọ̀, ẹ yí i wò bóyá ó ń kan bíréèkì, kí ẹ tó sanwó táyà kankan.