Ẹ Yé Fi Owó Atalẹ̀ àti Aáyù Ra Àìsàn

Nígbàkigbà tí mo bá dé Ọjà Bísí l'Ádó-Èkìtì, mo máa ń rí àwọn tó ń ra atalẹ̀ àti aáyù kún báàgì nítorí fídíò orí WhatsApp tó ní kí wọ́n fi ṣe àgbo mímu. Irú nǹkan wọ̀nyí ni mo fi ń ṣiṣẹ́ jẹ, àmọ́ ohun tí wọ́n ń fi ọjà náà ṣe ló ń bí mi nínú.

Èkíní: ṣíṣe rẹpẹtẹ lẹ́ẹ̀kan náà. Èyí ló ń dùn mí jù. Èèyàn á lọ atalẹ̀, aáyù àti ọsàn wẹ́wẹ́ kún kẹ́ẹ̀gì, á gbé e sábẹ́ tábìlì, á ní oṣù kan lòun máa fi mu ún. Níbi tí iná kì í ti í dúró! Láàárín ọjọ́ mélòó kan, ó ti ń hó, ike ti wú, ó ti kan. Ìyá kan ládùúgbò wa ṣí tirẹ̀, ó tú dé àjà, síbẹ̀ wọ́n ní agbára rẹ̀ ló ń pọ̀ sí i. Agbára kọ́ o, ó ti bàjẹ́ ni. Ẹ ṣe ìwọ̀nba tẹ́ ẹ máa mu tán ní ọjọ́ méjì.

Èyí tó tún burú ju ìyẹn lọ ni aáyù tútù tí wọ́n rì sínú òróró tí wọ́n sì gbé kalẹ̀ láìsí fíríìjì. Kòkòrò àìfojúrí tó ń jẹ́ Clostridium botulinum máa ń gbilẹ̀ níbi tí atẹ́gùn kò dé, bí inú òróró ṣe rí gan-an nìyẹn. Májèlé rẹ̀ kì í rùn, kì í sì í yí àwọ̀ padà, ó sì lè rọ iṣan tí a fi ń mí. Ẹ má tọ́ ọ wò láti mọ̀ bóyá ó ṣì dáa. Ẹ dà á nù.

Èkejì: rírọ àgbo sínú ike tí wọ́n fi ta oògùn apakoríko. Kò sí ọṣẹ tó lè fọ̀ ọ́ mọ́.

Ẹ̀kẹta: ẹ má fún ọmọ tí kò tíì pé oṣù 12 ní oyin, títí kan èyí tẹ́ ẹ pò mọ́ àgbo.

Oògùn ọsibítù wá ńkọ́? Ẹni tó ń lo warfarin tàbí aspirin (àwọn oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ tètè dì), tàbí tó fẹ́ ṣe iṣẹ́ abẹ, kó sọ fún dókítà kó tó mu omi aáyù, torí ó lè mú kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dá. Omi ewúro náà lè fa ṣúgà inú ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀. Bàbá kan lo oògùn àtọ̀gbẹ, wọ́n fi kọ́ọ̀pù omi ewúro lé e, wọn ò jẹun. Òógùn bò wọ́n, ọwọ́ wọn ń gbọ̀n, àwọn ará ilé ní ayé ló ń ṣe wọ́n. Ṣúgà tí aládùúgbò pò sómi fún wọn ni ojú wọn fi wálẹ̀.

Ọsàn wẹ́wẹ́ máa ń jẹ eyín. Ẹ bu omi lù ú, kẹ́ ẹ sì fi omi yọ ẹnu lẹ́yìn rẹ̀.

Ẹ má torí sóbò dá oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru dúró. Ẹ jẹ́ kí wọ́n yẹ ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ yín wò ní kẹ́míìsì kẹ́ ẹ tó bẹ̀rẹ̀ sí í mu sóbò, kẹ́ ẹ sì padà lọ yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì.