Fẹlá Wo Nìyẹn? Bí Mo Ṣe Ń To Orin Kíláásíkà sórí Kọ̀ǹpútà

Bí àwọn ọmọ ẹgbẹ́ akọrin bá gbé flash wá pé kí n bá àwọn wá "Hallelujah" jáde, Track 01, Track 02, Track 03 ni mo sábà máa ń bá níbẹ̀. Orin wà lóòótọ́, àmọ́ ta ló ṣẹ̀dá rẹ̀? Ta ló darí rẹ̀?

Nínú tag, ìyẹn àwọn ọ̀rọ̀ inú fáìlì orin tó ń sọ orúkọ orin àti ti ẹni tó ni ín, àyè tí wọ́n ń pè ní Artist ló ń fa wàhálà. Fún fújì tàbí jùjú, àyè kan yẹn tó, torí ẹni tó kọ orin náà ló ni ín. Ti Handel, ẹni tó ṣẹ̀dá "Hallelujah", kò rí bẹ́ẹ̀: ó ti kú láti 1759, ohùn ẹlòmíràn là ń gbọ́. Nítorí náà, ẹ fi Handel sí Composer, ẹ fi olùdarí sí Conductor, kí ẹ wá fi ọ̀kẹ́sítírà àti àwọn akọrin sí Artist. Orúkọ ẹni tó ṣẹ̀dá orin ni èmi tún máa ń fi sí Album Artist, torí ọ̀pọ̀ app orí fóònù kì í wo Composer rárá. Àwọn kan á ní kò tọ́ bẹ́ẹ̀. Èmi kò ní yí i padà ṣá.

Mp3tag, app tí wọ́n fi ń kọ tag, ni mo fi ń ṣiṣẹ́. Ọ̀fẹ́ ni lórí Windows. MusicBrainz Picard náà dára, ó lè gbọ́ orin kó sì lọ wá orúkọ rẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ṣùgbọ́n ẹ yẹ ohun tó bá mú bọ̀ wò dáadáa. Irú fáìlì orin tí wọ́n ń pè ní FLAC ni kí ẹ fi pamọ́, kì í ṣe WAV, torí tag kì í dúró dáadáa lára WAV. Kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun, ẹ ṣe ẹ̀dà gbogbo rẹ̀ sórí hard disk mìíràn.

Lórí orúkọ Album, ẹ má fi "Messiah", iṣẹ́ Handel tí "Hallelujah" wà nínú rẹ̀, lásán sílẹ̀. Olùdarí Colin Davis àti London Symphony Orchestra (LSO) gba orin yìí sílẹ̀ ní 1966, wọ́n tún gbà á ní 2006. Bí méjèèjì bá ń jẹ́ "Messiah", app á pò wọ́n pọ̀, "Hallelujah" méjì á sì máa tẹ̀ lé ara wọn. Báyìí ni mo ṣe ń kọ ọ́: Messiah, HWV 56 (Davis, LSO, 1966). HWV 56 ni nọ́ńbà rẹ̀ nínú àkójọ iṣẹ́ Handel. Ọdún tí wọ́n gbà á sílẹ̀ ni mò ń lò, kì í ṣe ọdún tí wọ́n tẹ CD jáde. Bí àwo bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ kọ Disc Number sí i, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ orin kìíní inú àwo kejì á bọ́ sáàárín àwo kìíní.

Ó wá ku ti Fẹlá. African Suite tí Fela Sowande, ọmọ Nàìjíríà tó ń ṣẹ̀dá orin kíláásíkà, kọ ní 1944 ní apá márùn-ún, mo sì ń kọ Title apá tó kẹ́yìn báyìí: African Suite: V. Akinla. Bí ẹ bá fi Fela Sowande sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, abẹ́ F ló máa lọ, lẹ́gbẹ̀ẹ́ Fela Kuti. Ẹ tẹ Alt+T nínú Mp3tag, ẹ fi COMPOSERSORT, ìyẹn orúkọ tí app á fi to ẹni tó ṣẹ̀dá orin, kún un, kí ẹ kọ "Sowande, Fela" síbẹ̀.

Àmì ohùn tún nìyẹn. Lójú kọ̀ǹpútà, Sowande àti Ṣówándé kì í ṣe ẹnì kan náà. Ti Ayọ̀ Bánkọ́lé, tí òun náà ṣẹ̀dá orin kíláásíkà, tún burú jù: ọ́ kò ní kóòdù ẹyọ kan, kóòdù méjì tàbí mẹ́ta ló ń para pọ̀ di í, ètò wọn sì lè yàtọ̀. Bí ẹ bá da orúkọ náà kọ láti ibi méjì, ojú yín á rí Bánkọ́lé kan, kọ̀ǹpútà á rí méjì. Ẹ ṣa gbogbo orin rẹ̀ pọ̀, ẹ tẹ orúkọ náà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo sí Composer, kí ẹ fi Ctrl+S fi pamọ́. Gbogbo rẹ̀ á di ọ̀kan.

Orúkọ fáìlì ló kẹ́yìn. Nínú Mp3tag, ẹ tẹ Alt+1, kí ẹ kọ $num(%track%,2) - %title%, kí nọ́ńbà orin àti Title rẹ̀ lè di orúkọ fáìlì. Windows kì í gba àmì : nínú orúkọ fáìlì, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu bí kò bá sí níbẹ̀ mọ́, ó ṣì wà nínú tag. Ẹ gbé àwo kan tí ẹ ti parí sórí fóònù, ẹ wo bó ṣe tò, kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀ èkejì.