Script Vim9 tí kò ṣiṣẹ́ lórí Neovim, àti ibi tí Vim ń lọ

Ìbéèrè: Mo kọ script kan (fáìlì àṣẹ) fún Vim 9.1, ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń kọ ọ̀rọ̀ àti kóòdù, mo sì fi `vim9script` ṣe ìlà àkọ́kọ́ rẹ̀. Nígbà tí mo gbé e lọ sórí Neovim, èsì tí mo rí ni «E492: Not an editor command: vim9script», ìyẹn ni pé kò mọ àṣẹ náà. Ṣé kí n dúró de ẹ̀yà Neovim tí yóò gbà á?

Ìdáhùn: Ẹ má dúró dè é. Inú kóòdù Vim ni Neovim ti yà lọ ní ọdún 2014, Lua, èdè ìkọ kóòdù mìíràn, sì ni àwọn tó ń ṣe é yàn láti máa fi kọ ohun tuntun. Ọ̀nà tí Vim gbà yàtọ̀. Bram Moolenaar, tó dá Vim sílẹ̀, gbé Vim9 script, ọ̀nà tuntun láti kọ script, jáde pẹ̀lú Vim 9.0 ní oṣù Kẹfà ọdún 2022 nítorí pé script àtijọ́ lọ́ra: gbogbo ìgbà tí ìlà kan bá fẹ́ ṣiṣẹ́ ni Vim ń tún un kà láti ìbẹ̀rẹ̀. Vim9 ní tirẹ̀ máa ń kọ́kọ́ sọ function (àkójọ àṣẹ tó ní orúkọ) di ìtọ́ni tó rọrùn fún un láti tẹ̀ lé, ìwé ìrànlọ́wọ́ Vim sì sọ pé èyí lè mú kí ó yára ní ìlọ́po 10 sí 100. Ohun tó yẹ kí ẹ ṣe ni pé kí ẹ pín fáìlì yín sí méjì báyìí:

```
if !has('vim9script')
  " kóòdù àtijọ́ tí Neovim lè kà
  finish
endif
vim9script
# kóòdù Vim9
```

Neovim yóò ṣe apá òkè, yóò sì dúró níbi `finish`, nígbà tí Vim yóò fo apá yẹn bọ́ sí ìsàlẹ̀. Bí script yín kò bá ju ogún ìlà lọ, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ fi ti àtijọ́ kọ gbogbo rẹ̀, nítorí pé àwọn méjèèjì ló ń kà á, títọ́jú ìwé ẹyọ kan sì rọrùn púpọ̀ ju títọ́jú méjì lọ.

Ìbéèrè: Bram ti kú. Ṣé àwọn tó gba iṣẹ́ náà kò ní pa script àtijọ́ tì?

Ìdáhùn: Bram kú ní ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ ọdún 2023, Christian Brabandt sì ni ó ń darí iṣẹ́ náà pẹ̀lú àwọn mìíràn. Oṣù Kìíní ọdún 2024 ni wọ́n gbé Vim 9.1 jáde, tí wọ́n sì fi yẹ́ Bram sí; ibẹ̀ ni class, ọ̀nà láti kó dátà àti function pọ̀ sójú kan, ti wọ inú Vim9 script. Ní ti script àtijọ́, ìwé ìrànlọ́wọ́ sọ ọ́ gbangba pé kò sí dandan láti tún un kọ. Ọkàn mi balẹ̀ gan-an lórí èyí, nítorí pé vimrc (fáìlì tí a ń kọ ètò Vim sí) ọ̀pọ̀ ènìyàn ti pẹ́ ju kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń lò lọ. Bí ẹ bá fẹ́ mọ ohun tí Bram fúnra rẹ̀ kọ sílẹ̀ pé ó kù láti ṣe, ẹ tẹ `:help todo`.

Ìbéèrè: Yorùbá ni mo máa ń kọ nínú Vim. Bí mo bá tẹ `x` lórí ẹ́, lẹ́tà àti àmì ló jọ ń lọ. Bí mo bá sì wá «ọjọ», kì í rí «ọjọ́». Ṣé ó wà nínú ètò wọn láti tún èyí ṣe?

Ìdáhùn: Àtúnṣe rẹ̀ ti wà nínú Vim tipẹ́, àwa la ní láti tan án. Ẹ gbé kọ́sọ̀ sórí ẹ́, kí ẹ tẹ `ga`. Ẹ ó rí nọ́ńbà méjì, 1eb9 tí í ṣe ẹ, àti 0301 tí í ṣe àmì ohùn òkè, nítorí pé Unicode, ètò tó ń fún lẹ́tà ní nọ́ńbà, kò fún ẹ́ ní nọ́ńbà tirẹ̀ bí ó ti fún é. Ẹ kọ `set delcombine` sínú vimrc, `x` yóò sì máa yọ àmì nìkan. Láti wá ọ̀rọ̀ láìka àmì sí, `/\Zọjọ` yóò rí «ọjọ́». Ṣùgbọ́n `/\Zile` kò ní rí «ilé», torí pé é jẹ́ ẹyọ kan ṣoṣo; fún irú èyí, `/il[[=e=]]` ni kí ẹ lò.