Bí a ṣe ń ya ìran èèyàn méjì tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé

Èèyàn méjì jókòó sídìí tábìlì, wọ́n kọjú síra wọn, wọ́n ń sọ̀rọ̀. Ìran yìí rọrùn láti kọ sínú ìwé eré, àmọ́ òun ló máa ń tètè tú àṣírí ayàwòrán tí kò mọṣẹ́. Kámẹ́rà ni ọ̀pọ̀ ń kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ìgbà tí gbogbo rẹ̀ bá dúró tán ni wọ́n ń wá iná kiri. Fèrèsé ló yẹ kó yan ìjókòó, kí ìjókòó wá yan ibi tí kámẹ́rà máa wà.

Ìjókòó

Ẹ pa gbogbo iná inú yàrá. Ẹ gbé tábìlì sí ibi tí fèrèsé á fi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn méjèèjì, kó má wà lẹ́yìn ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ẹ ní kí ọ̀kan jókòó, kó máa yíjú díẹ̀díẹ̀, kí ẹ sì máa wo imú rẹ̀. Òjìji imú á máa rìn lórí ẹ̀rẹ̀kẹ́ tó jìnnà sí fèrèsé. Níbi tí òjìji yẹn bá ti kan òjìji ẹ̀rẹ̀kẹ́, tí ìmọ́lẹ̀ kékeré onígun mẹ́ta ṣẹ́ kù lábẹ́ ẹyinjú, ẹ dá a dúró síbẹ̀, kí ẹ lẹ téèpù mọ́ ẹsẹ̀ àga. Ẹ ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹnì kejì.

Ibi tí kámẹ́rà máa dúró

Ẹ fojú inú fa ìlà kan láti orí ẹni àkọ́kọ́ dé orí ẹnì kejì. Fèrèsé wà ní apá kan ìlà náà. Apá kejì ni kámẹ́rà máa wà títí ìran yóò fi parí. Lọ́nà yìí, ibi òjìji ojú ni kámẹ́rà ń wò, ojú á sì ní kòtò àti gegele. Tí ẹ bá dúró sí apá fèrèsé, ìmọ́lẹ̀ á bo ojú wọn pẹrẹsẹ bí àwòrán ìwé ìrìnnà, òjìji ẹ̀yin fúnra yín sì lè ṣubú lé wọn. Tí ẹ bá dá ìlà yẹn kọjá láàárín ìran, àwọn méjèèjì á máa wo apá kan náà nínú àwòrán, bí ẹni pé ẹlòmíì ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀.

Òjìji

Ẹ gbé pátákó fóòmù funfun sí apá kámẹ́rà, bíi mítà kan sí ojú òṣèré, kó máa ta ìmọ́lẹ̀ fèrèsé padà sí apá òjìji, kí ẹ máa sún un mọ́ ọn. Stop kan túmọ̀ sí pé ìmọ́lẹ̀ di ìlọ́po méjì, tàbí pé ó dín sí ìdajì. Tí apá òjìji bá fi stop kan ṣókùnkùn ju apá fèrèsé lọ, ó bá eré ẹ̀rín mu. Stop méjì ni ti ọ̀rọ̀ tó wúwo. Stop mẹ́ta, ẹ̀rù ti wọ̀ ọ́ nìyẹn. Nínú yàrá tí ògiri rẹ̀ funfun, òjìji kì í dúdú rárá. Aṣọ dúdú ni kí ẹ so síbi tí pátákó ì bá wà, kó gbé ìmọ́lẹ̀ tó ń ta padà mì.

Fún aláwọ̀ dúdú, ẹ má kàn máa da iná kún iná. Dídán ara ló ń fi bí ojú ṣe rí hàn, ìmọ́lẹ̀ tó fẹ̀ ló sì ń mú un jáde dáadáa. Ẹ ta kọ́tìnì funfun fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bo fèrèsé, kí ẹni tó ń ṣojú lóge má sì fi páúdà pa gbogbo dídán rẹ̀. Tí òṣèré bá wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun gbòò, ẹ bẹ alábòójútó aṣọ kó pààrọ̀ rẹ̀, nítorí ṣẹ́ẹ̀tì náà á ti mọ́lẹ̀ ju ohun tí kámẹ́rà lè gbà lọ kí ojú tó mọ́lẹ̀ tó.

Nígbà tí oòrùn bá ń sá

Ẹ lè ya ẹni àkọ́kọ́ ní aago mẹ́wàá, kó di aago méjìlá kó tó kan ẹnì kejì, kí ìkùukùu sì ti bo oòrùn. Ojú méjèèjì ò ní jọ ara wọn mọ́. Ẹ gbé iná 5600K (K ni òṣùwọ̀n àwọ̀ ìmọ́lẹ̀; 5600K jọ ti ọ̀sán) síta fèrèsé, kó máa gba inú kọ́tìnì wọlé, kí ẹ má gbára lé oòrùn nìkan. Ẹ gbé e jìnnà o. Iná tó wà ní mítà kan sí ẹnì kan, tó sì wà ní mítà méjì sí ẹnì kejì, ìdá kan nínú mẹ́rin ìmọ́lẹ̀ náà péré ló ń dé ọ̀dọ̀ ẹnì kejì, ìyẹn stop méjì. Tó bá jẹ́ mítà 3 àti mítà 4 ni, ìyàtọ̀ wọn ò tó stop kan.

Gílóòbù tungsten, ìyẹn èyí tó ní wáyà tó ń gbóná nínú, jẹ́ nǹkan bíi 3200K. Tí ẹ bá tàn án pọ̀ mọ́ ti fèrèsé, ẹ̀rẹ̀kẹ́ kan á pọ́n bí ọsàn, èkejì á rí bíi búlúù. Ẹ pa á.

Kámẹ́rà fúnra rẹ̀

Ẹ ya àwòrán 24 tàbí 25 ní ìṣẹ́jú àáyá kan, kí shutter (ìwọ̀n àkókò tí kámẹ́rà fi ń gba ìmọ́lẹ̀ fún àwòrán kọ̀ọ̀kan) wà ní 1/48 tàbí 1/50 ìṣẹ́jú àáyá. Níbi tí iná ìjọba bá jẹ́ 50 Hz, ọ̀pọ̀ iná ń ṣẹ́jú ní ìgbà 100 láàárín ìṣẹ́jú àáyá kan, 1/50 ò sì ní jẹ́ kó hàn. Níbi tó bá ti jẹ́ 60 Hz, 1/60 ni kí ẹ lò. Tí yàrá bá mọ́lẹ̀ jù, ND, ìyẹn gíláàsì dúdú tó ń dín ìmọ́lẹ̀ kù, ni kí ẹ fi síwájú léǹsì (ND 0.6 ń dín stop méjì kù), ẹ má fọwọ́ kan shutter, kí ìrìn òṣèré má baà máa ta pọ́npọ́n. Ẹ fi káàdì aláwọ̀ eérú ṣètò àwọ̀ nínú kámẹ́rà, kí ẹ pa ètò àwọ̀ aládàáṣe. Ẹ gbé zebra, ìyẹn àwọn ìlà tí kámẹ́rà ń fi hàn níbi tó mọ́lẹ̀ jù, sí 95. Ó lè kan gíláàsì fèrèsé, àmọ́ kó má kan iwájú orí ẹnikẹ́ni.

Ojú lọ̀rọ̀ wà, nítorí náà ojú ni kí léǹsì mú. Àmì róbótó tí ìlà là kọjá wà lára ọ̀pọ̀ kámẹ́rà: ibẹ̀ ni kí ẹ ti fi téèpù wọn ọ̀nà dé ẹyinjú tó sún mọ́ kámẹ́rà. Kí ojú ihò léǹsì wà ní f/2.8 sí f/4, ó tó. Tí ẹ bá ṣí i ju bẹ́ẹ̀ lọ, òṣèré á kàn tẹ̀ síwájú díẹ̀, etí rẹ̀ ni léǹsì yóò mú, ojú á di bàìbàì.

Bí a ṣe ń tò ó

Ẹ kọ́kọ́ ya àwòrán tó gba àwọn méjèèjì, lẹ́yìn náà kí ẹ ya gbogbo àwòrán ẹnì kan tán kí ẹ tó kọjú sí ẹnì kejì. Tó bá jẹ́ léǹsì 50 mm, ní mítà kan àbọ̀, ní ìwọ̀n gíga ojú, ni ẹ fi ya ẹni àkọ́kọ́, bẹ́ẹ̀ náà gẹ́lẹ́ ni kí ẹ ya ẹnì kejì. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀. Ẹnikẹ́ni kì í rántí. Kí ẹ tó ṣí téèpù kúrò lẹ́sẹ̀ àga, ẹ gbé àwòrán méjèèjì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn: ẹnì kan gbọ́dọ̀ máa wo apá òsì, ẹnì kejì apá ọ̀tún, kí òjìji sì wà ní apá kámẹ́rà lójú àwọn méjèèjì.