Bí Mo Ṣe Gé Ẹ̀ka Máńgòrò Orí Òrùlé ní Tanke

Àwọn tó kọ́kọ́ wá wo igi náà ní àdá àti àkàbà ti tó. Owó tèmi lé tiwọn dáadáa, ni Àlhájà tó nilé bá ní, "Ṣé wúrà ló wà lórí igi yìí ni?" Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n yí i ká ná.

Mo fi ẹ̀yìn àdá kan ìdí igi, mo tẹ́tí bóyá inú rẹ̀ ti dòfo. Mo wo òkè bóyá agbọ́n wà níbẹ̀. Ó wá ku wáyà iná. Ọ̀pọ̀ rò pé bí wọ́n bá ti mú iná lọ, wáyà ti kú nìyẹn. Irọ́ ni: iná lè dé lójijì, jẹnẹrétọ̀ aládùúgbò tí wọn ò so dáadáa náà sì lè rán iná padà sórí òpó. Mítà 3, ó kéré tán, ló yẹ kó wà láàárín èmi àti wáyà. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ẹ̀ka tiwa jìnnà jù bẹ́ẹ̀ lọ, mi ò bá má gùn ún.

Mo wá wọ akoto, awò ojú, ìdítí, àti ṣòkòtò tí òwú inú rẹ̀ máa ń há ṣéènì ẹ́ńjìnnì ìgégi. Ooru ṣòkòtò yẹn nínú oòrùn Ìlọrin, ẹ má wulẹ̀ bi mí.

Torí páànù, láti ṣóńṣó ni mo ti ń gé ẹ̀ka náà bọ̀, ní ègé-ègé, mo sì ń so okùn mọ́ ègé kọ̀ọ̀kan kí n tó gé e. Ọmọ iṣẹ́ mi fi okùn yí ìdí igi ní apá kejì, níbi tí nǹkan kan ò lè já lé e lórí, ó ń tú u díẹ̀díẹ̀. Ọwọ́ méjèèjì ni mo fi di ẹ́ńjìnnì ìgégi mú. Mi ò jẹ́ kí imú rẹ̀ kan ẹ̀ka mìíràn, ibẹ̀ ló ti ń ta padà síni lójú.

Nígbà tó ku ìdí ẹ̀ka, mo gé e láti abẹ́ wọ ìdá kan nínú mẹ́ta, mo sún síwájú díẹ̀, mo gé e láti òkè. Ẹni tó bá fo ti abẹ́ yẹn, ìwúwo ẹ̀ka á fa èèpo igi ya wálẹ̀. Mo wá gé kùkù tó kù létí ibi tó wú níbi tí ẹ̀ka ti so mọ́ igi, mi ò wọ inú wíwú náà, torí ibẹ̀ ni igi ti ń pa ojú ọgbẹ́ dé. Àlhájà gbé ọ́ìlì dúdú wá pé kí n fi kùn ún. "Ẹ jẹ́ ó gbẹ bẹ́ẹ̀, Mà."

Ọmọ iṣẹ́ mi ń béèrè ibi tí iṣẹ́ yìí lè gbé òun dé. Wọ́n ń kọ́ ìmọ̀ igbó ní Yunifásítì Ìlọrin, kò jìnnà. International Society of Arboriculture, ẹgbẹ́ àgbáyé àwọn olùtọ́jú igi tó ti wà láti 1924, náà ń ṣe ìdánwò fún wọn; ẹni tí kò ka ìtọ́jú igi níléèwé gbọ́dọ̀ ti fi ọdún 3 ṣe iṣẹ́ náà kó tó jókòó sí ìdánwò yẹn. Mo ti ní kó ra ìwé kan, kó máa kọ gbogbo iṣẹ́ tí a bá ṣe sínú rẹ̀.