Bí mo ṣe dá ètò ìwé kíkà sílẹ̀ fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Gẹ̀ẹ́sì mi ní Àjàṣẹ́

Èdè Faransé ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí mò ń kọ́ ní Gẹ̀ẹ́sì ní yunifásítì kan ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo), ní orílẹ̀-èdè Benin, fi kàwé láti kékeré. Bi wọ́n ní òfin gírámà, wọn á kà á fún ọ bí ẹni ń ki oríkì. Àmọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn ò ka odidi ìwé Gẹ̀ẹ́sì kan tán rí. Àyọkà ojú ewé kan là ń fún wọn, ìbéèrè á tẹ̀ lé e, ó parí nìyẹn. Ọ̀rọ̀ náà ń dùn mí gan-an.

Mo wá ní wọ́n máa kàwé: ìwé púpọ̀, tó rọrùn, tí wọ́n fúnra wọn yàn. Àwọn onímọ̀ ẹ̀kọ́ èdè méjì, Richard Day àti Julian Bamford, ti kọ ìwé lórí irú ètò yìí ní 1998, wọ́n sì to ìlànà mẹ́wàá sílẹ̀ fún un ní 2002. Àwọn yunifásítì Jàpáànì ti ń lò ó tipẹ́.

Ìwé onípele ni mo kọ́kọ́ wá, ìyẹn ìtàn tí wọ́n fi ìwọ̀nba ọ̀rọ̀ kọ. Nínú ọ̀wọ́ ìwé Oxford Bookworms, nǹkan bí 400 ọ̀rọ̀ ni ìpele kìíní dúró lé, ìpele kẹfà sì tó 2,500. Mo ra tọ́kúnbọ̀ l'Ékòó, mo kó wọn gba bodè Sẹ̀mẹ̀ wọlé. Mo tún tẹ àwọn ìtàn ọ̀fẹ́ jáde láti orí ìkànnì African Storybook. Mo lẹ tépù aláwọ̀ mọ́ ẹ̀yìn ìwé kọ̀ọ̀kan: àwọ̀ ewé fún èyí tó rọrùn jù, yẹ́lò, lẹ́yìn náà pupa. Inú páálí ni wọ́n ń gbé, mo sì máa ń gbé páálí náà wọ kíláàsì. Mi ò kó wọn sí láíbìrì, torí ìwé tí wọ́n bá tì mọ́lé, kò sẹ́ni tí yóò kà á.

Ibi tí iṣẹ́ wà gan-an ni kí wọ́n gbà láti mú ìwé tó rọrùn. “Màdáámù, ìwé ọmọdé mà nìyí!” Ọmọkùnrin kan láti Kétu, tó ti wà ní ọdún tó kẹ́yìn, lọ mú ìwé ńlá kan. Nígbà tí mo yẹ̀ ẹ́ wò, ó ti fi pẹ́ńsù kọ ìtumọ̀ Faransé sórí ọ̀rọ̀ tó lé ní ìdajì ojú ewé náà, ojú ewé kejì ló ṣì wà. Mo ní kó ṣí ìwé míì, kó ka ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀, kó máa ká ìka fún èyí tí kò bá mọ̀. Tí ìka bá ti ju méjì lọ, kó dá ìwé náà padà. Ìwádìí àwọn onímọ̀ èdè méjì, Hu àti Nation, ní 2000 ni mo gbé e lé: ẹni tó ń kàwé fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ mọ nǹkan bí 98 nínú ọgọ́rùn-ún ọ̀rọ̀ kí ohun tó ń kà tó lè yé e dáadáa. Ó bínú díẹ̀, ó mú ìwé onítépù àwọ̀ ewé. Kò pẹ́ tó fi padà wá béèrè òmíràn.

Ogún ìṣẹ́jú àkọ́kọ́ nínú kíláàsì, kẹ́kẹ́ á pa mọ́ gbogbo wa lẹ́nu, èmi náà á máa ka tèmi. Mi ò ní fi àkókò yẹn máàkì ìwé ìdánwò láéláé, torí ojú wọn wà lára mi. Tí a bá parí, wọ́n lè bá ẹnìkejì wọn sọ ìtàn náà. Àwọn ọmọ Kétu, Sákété àti Pọ̀bẹ́ ń fi Yorùbá sọ ọ́, àwọn míì ń fi èdè Gùn. Mo fi wọ́n sílẹ̀. Ẹni tó lè fi èdè ìyá ẹ̀ jiyàn lórí ìtàn, ó yé e.

Ẹlẹgbẹ́ mi kan bi mí pé, “Láìsí ìdánwò, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ pé wọ́n kà á?” Káàdì kékeré ni: orúkọ ìwé, iye ojú ewé, àti ohun kan tí wọ́n máa sọ fún ọ̀rẹ́ wọn nípa ẹ̀. Day àti Bamford ní kíkà fúnra ẹ̀ ni èrè. Mo gbà, síbẹ̀ mo fi máàkì díẹ̀ sí i, torí lọ́dọ̀ wa, ohun tí kò bá ní máàkì, ẹ̀yìn ló ń wà.

Àwọn onítépù àwọ̀ ewé ló kọ́kọ́ gbó. Owó tó wà lọ́wọ́ báyìí, irú wọn ni mo máa fi rà sí i. Àwọn onípupa ṣì pọ̀ nínú páálí.