Ṣíṣọ́ Omi Ọ̀ṣun Láti Ọdún Dé Ọdún
Ìwé ìtọ́sọ́nà fún àgbẹ̀ àti agboolé etí odò ní Òṣogbo

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi omi Ọ̀ṣun rin ẹ̀fọ́, àti ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń fi fọṣọ, wíwò ọjọ́ kan kò lè sọ ohun tó ń ṣe odò fún yín. Lásìkò òjò, kò sí odò tí kì í dàrú. Oṣù Kìíní ni kí ẹ ṣọ́. Bí òjò ò bá rọ̀ láti ọjọ́ pípẹ́, tí omi ṣì pọ́n bíi tíì oníwàrà, ó ṣeé ṣe kí wọ́n máa fọ yẹ̀pẹ̀ wúrà lókè odò. Ìgèdè-Èkìtì ni Ọ̀ṣun ti sun, odò tó ń ti ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà wá, níbi tí wọ́n ti ń wa wúrà, sì ń dà sínú rẹ̀. Ẹni tí kò ní àkọsílẹ̀ èṣí, kí ni yóò fi ti èsì lẹ́yìn?

Bí ẹ ó ṣe ṣe é

Ẹ yan ojú kan létí odò, ẹ má yí i padà. Ẹ̀ẹ̀kan lọ́sẹ̀ tó, ní wákàtí kan náà. Ẹ fi omi odò ṣan ike funfun gaara lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ kọjú sí ibi tí omi ti ń bọ̀, kí ẹrẹ̀ tí ẹsẹ̀ yín rú má baà wọnú rẹ̀, kí ẹ wá ki ike bọ abẹ́ omi. Ẹ gbé e sílẹ̀ títí di àárọ̀ ọjọ́ kejì, kí ẹ fi rúlà wọn ẹrẹ̀ tó sílẹ̀ nídìí ike. Ẹ kọ ọjọ́, bí ẹrẹ̀ ṣe ga tó, bóyá òjò rọ̀ lánàá, òórùn, àti bí ẹja bá kú.

Omi tó mọ́ lójú lè ní òjé tàbí mẹ́kúrì, irin olóró méjì, nínú; wọn kò ní àwọ̀, wọn kò rùn. Ìwọ̀n tí Nàìjíríà fàyè gbà nínú omi mímu ni 0.01 miligíráàmù òjé nínú lítà kan, àti 0.001 ti mẹ́kúrì. Yàrá àyẹ̀wò nìkan ló lè rí i. Kí aládùúgbò dáwó jọ, kí wọ́n ṣe é nígbà òjò àti nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí wọ́n sì gba ike lọ́wọ́ àwọn tí yóò ṣe àyẹ̀wò náà.

Nínú ilé

Síse ń pa kòkòrò. Kò lè mú òjé kúrò. Bí omi ṣe ń fà, ńṣe ni òjé inú rẹ̀ ń ki sí i. Álọ́ọ̀mù kàn ń rọ ẹrẹ̀ sílẹ̀ ni. Mo mọ bí Ọ̀ṣun ti jẹ́ fún wa, mo sì mọ ọ̀pọ̀ tó ń bu ú mu nígbà ọdún rẹ̀. Ṣùgbọ́n ní 2022 ìjọba ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ kìlọ̀ pé kí a má mu ún. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fún ọmọdé àti aboyún.

Ìdí ẹ̀fọ́ ni kí ẹ bomi sí, kì í ṣe ewé. Omi kànga tó dára tàbí omi ẹ̀rọ ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́ kó tó dọ́jà.

Kí ẹni méjì mọ ibi tí ìwé àkọsílẹ̀ wà, kí iṣẹ́ má baà dúró bí ẹnì kan bá rìnrìn àjò. Bí omi bá yí padà lójijì, ẹ ya fọ́tò rẹ̀, kí ẹ sì mú ìwé náà lọ bá àwọn wọlé-wọlé ní ìjọba ìbílẹ̀ yín lọ́jọ́ náà gan-an.